Ọjọ́ Tí Màmá Mi Kúnlẹ̀ fún Olórí Ìjọba

Òórùn sítáàṣì àti èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti bó, atẹ́gùn sì ń gbé òórùn bísíkítì wá láti ọ̀nà Ìkẹjà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kì í ti í sinmi. Màmá mi tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọ́n ń lọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, wọn kò da èédú náà nù. Wọ́n ṣí àpótí aṣọ, wọ́n yọ ìró àti bùbá àdìrẹ tí bàbá mi rà fún wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òun náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí aṣọ náà jí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti rí aṣọ yẹn lára wọn kẹ́yìn. Mo fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ onítìjú ni mí, ọ̀rọ̀ a máa dúró sí mi lọ́fun títí àsìkò rẹ̀ á fi kọjá. Mo kàn wẹ̀, mo wọ yúnífọ́ọ̀mù mi, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀.

Dópẹ̀mú là ń gbé nígbà náà, nínú ilé gígùn kan tí àwọn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè yẹn, ẹ ó rántí bí ibẹ̀ ṣe rí kí ọjà àti ibùdókọ̀ tó gbà á: pápá, oko ẹ̀gẹ́, àti ọ̀nà tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Wọ́n dé Agége nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, tí igbó Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́. Lọ́rì ni wọ́n ń wà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba ń wá awakọ̀, bàbá mi wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ohun tí mo rántí nípa wọn kò pọ̀: òórùn epo mọ́tò lọ́wọ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe máa ń dé fìlà wọn sí mi lórí tí yóò bò mí lójú. Ilé kéwú ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Mo dé, wọn kò sí nílé, èmi kò sì rí wọn mọ́.

Àbúrò bàbá mi ló ń mójú tó wa. Wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran ṣiṣẹ́, yàrá wọn sì wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, nítorí náà màmá mi sọ wọ́n ní Akọ̀wé, torí pé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Gbogbo ilé gba orúkọ náà lẹ́nu màmá mi. Èmi ń pè wọ́n ní Bàbá Akọ̀wé.

Pálọ̀ Ìyá Onílé, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ni ilé wa, ni rédíò wà. Lọ́jọ́ tí Olórí Ìjọba sọ̀rọ̀ pé ogun ti parí, gbogbo wa kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ohùn rẹ̀ tutù, kò dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ́gun.

"Akọ̀wé, kí ló ń sọ?" Ìyá Onílé béèrè. "Má dá a jẹ o."

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ná."

"Ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́ ọ? Ọkùnrin yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ tán!"

Bàbá Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè. "Ó ní ogun ti tán. Ó ní ká má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá mọ́. Ó ní gbogbo ẹni tó sá kúrò nílé kó máa padà bọ̀ wálé."

Àwọn èèyàn hó yèè. Màmá mi sún mọ́ Bàbá Akọ̀wé.

"Gbogbo ẹni tó kúrò nílé? Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹni tó sá ló sọ, ìyàwó wa."

"Ẹni tó sá, ẹni tí wọ́n mú lọ, ṣebí ilé ni gbogbo wọn ti kúrò?"

Bàbá Akọ̀wé yí ojú padà sí rédíò. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti gbà pé Olórí Ìjọba ti pe bàbá mi padà, pé ọ̀nà ló jìn.

Lóòótọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nínú ilé tiwa, Màmá Ńgọ́zí ló kọ́kọ́ dé. Ará Ìgbò ni wọ́n, yàrá tó kọjú sí tiwa ni wọ́n ń gbé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ wọn ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ìkẹjà. Nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n kó lọ sílé wọn tọkọtaya tọmọtọmọ. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n kó lọ. Ńgọ́zí nìkan ni wọ́n mú dé. Wọ́n ti fárí, egungun èjìká wọn yọ síta lábẹ́ bùlaúsì. Ìyá Onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n.

"Mo ti fi yàrá yín fún ẹlòmíràn o," ni wọ́n sọ níkẹyìn. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ṣì máa padà."

Màmá mi ti gbé ẹrù Màmá Ńgọ́zí kí gbólóhùn náà tó parí. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà," wọ́n ní. Ẹrù náà kò wúwo, ìdì aṣọ kan ṣoṣo ni. Nínú yàrá, màmá mi béèrè pé, "Bàbá Ńgọ́zí ńkọ́?" Màmá Ńgọ́zí mi orí, wọ́n ń tú ìdì aṣọ náà lọ. Màmá mi kò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde síta lọ bá àwọn obìnrin yòókù nídìí kànga, ojú wọn ń dán. "Ẹ ò rí i? Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n sì ń bọ̀. Ó kan Bàbá Sìkírá."

Sìkírátù lorúkọ mi, èmi nìkan ni wọ́n bí.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Bàbá Akọ̀wé ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Wọ́n jókòó sórí pèpéle lẹ́nu ọ̀nà wa, wọn kò gba omi tí màmá mi gbé fún wọn.

"Ìyàwó wa," wọ́n ní, "ẹni tó máa dé ti dé. Àwọn àgbà ilé ní ká kírun sí ẹ̀gbọ́n mi lára bí kò tiẹ̀ sí òkú nílẹ̀. Ká pín aṣọ wọn, kí ẹ̀yin náà sì wọ opó bó ṣe yẹ, kí ara tu gbogbo wa."

"Akọ̀wé, ẹ fọ̀wọ̀ wọ ẹ̀gbọ́n yín o," màmá mi dáhùn. "Ẹ jẹ́ n bi yín. Bí Ìyá Onílé bá yá odó mi, tí mi ò rí i mọ́, ta ni màá lọ bá? Ṣé Àfáà ni? Olórí Ìjọba ló ní kí Bàbá Sìkírá wá bá òun ṣiṣẹ́. Òun ni màá bi. Bó bá ní òun ò rí i mọ́, màá wọ opó."

Ìyá Onílé gbọ́ orúkọ ara wọn láti inú pálọ̀. "Odó tèmi wà nílé mi o! Mi ò yá tẹnikẹ́ni! Níbo lo ti fẹ́ rí Olórí Ìjọba, Ìyá Sìkírá? Ṣé wàá gun ọkọ̀ òfurufú bá a lókè ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa rí i. Gbogbo wa tó ń gbé nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà mọ̀ ọ́n. Nígbàkigbà tí Olórí Ìjọba bá ti òkè òkun dé, tàbí tí àlejò pàtàkì bá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kó àwa ọmọ ilé-ìwé jáde láti tò sí ẹ̀bá títì, ká máa mi àsíá bébà. Ilé-ìwé mi ló kàn láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ tí mò ń sọ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ aṣọ àdìrẹ.

A rìn láti Agége títí a fi dé ìkóríta tí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ti yà. Eruku ti sọ ẹsẹ̀ wa di funfun. Tíṣà wa ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà wa pẹ̀lú pàṣán, ó ní ẹni tó bá ya àsíá rẹ̀ yóò rí i. Mo rí màmá mi lẹ́yìn ìlà wa, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá wọn fún láyè láti wá wòran. Wọ́n ti fi àtíkè pa ojú. Mo tijú, mo wo ilẹ̀.

Oòrùn ti gòkè gan-an kí a tó gbọ́ alùpùpù àwọn ọlọ́pàá. Gbogbo èèyàn ti ara wọn síwájú, àwọn òṣìṣẹ́ já ìlà wa, ojú títì há, àwọn mọ́tò sì ní láti rọra. Mọ́tò aláìlórùlé kan wà láàárín. Olórí Ìjọba dúró nínú rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́jà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀dọ́ ni lójú mi, kò tó ẹni tó lè pàṣẹ fún bàbá mi. Gbogbo ayé ń juwọ́, wọ́n ń kígbe. Màmá mi la àárín wa kọjá, wọ́n dé etí ọ̀dà, wọ́n sì kúnlẹ̀.

Màmá mi nìkan ló kúnlẹ̀ ní gbogbo gígùn títì yẹn. Wọn kò kígbe. Wọ́n kàn gbé ojú sókè sí i. Bí mọ́tò ṣe dé ọ̀gangan wọn, Olórí Ìjọba rí wọn. Mo wà níbẹ̀, mo rí i pé ó rí wọn. Ẹ̀rín músẹ́ ojú rẹ̀ dúró díẹ̀, ó na ọwọ́ sí wọn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ kí ẹni tó wà nílẹ̀ dìde. Lẹ́yìn náà mọ́tò kọjá.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé wa. Obìnrin tó bá ní ẹ̀bẹ̀ yóò kúnlẹ̀ níwájú àgbà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá agbára àgbà yẹn, àgbà náà yóò fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, yóò máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní kó dìde, ẹ̀bẹ̀ ti gbà nìyẹn. Kò tún sí àlàyé kankan. Màmá mi dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún ìró wọn, omi ń dà lójú wọn gba inú àtíkè. Wọ́n dì mí mú lójú gbogbo kíláàsì wa. "Ó ní kí n dìde," ni wọ́n ń sọ. "Sìkírá, ṣé o rí i? Ó ní kí n dìde."

Ní ilé, ìròyìn náà ti ṣáájú wa dé. "Ṣé kì í ṣe eṣinṣin ló ń lé?" Ìyá Onílé béèrè, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yòókù bá wọn wí. Bàbá Akọ̀wé ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sókè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ìlànà kan náà la fi tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bó bá ti ní kí wọ́n dìde, mi ò ní nǹkan kan sọ mọ́." Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí àwọn àgbà ṣì ní sùúrù. Màmá Ńgọ́zí jókòó lórí ẹní, wọ́n ń bá Ńgọ́zí di irun.

Ìdúró náà wá di ara ilé wa. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, màmá mi á kó aṣọ bàbá mi jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì tò ó padà. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ń gbó nítorí fífọ̀. Gàrí àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ kan, gbogbo ṣọ́jà tó bá sì yà síbẹ̀ ni wọ́n ń bi. Ọ̀kan wà tó ń fi igi rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ. Ó béèrè orúkọ bàbá mi àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Màmá mi sọ fún un. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ̀wà náà tán, kò sì yà sọ́dọ̀ wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Gbogbo nǹkan mìíràn ń bọ̀ sípò. Ilé-iṣẹ́ tuntun ń yọ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ní ọ̀nà Àgídìngbì, wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà, wọ́n tún ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Àwòrán Olórí Ìjọba wà lókè pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì wa, tíṣà wa sì ń kọ́ wa pé òun ló so orílẹ̀-èdè pọ̀ padà. Màmá Ńgọ́zí rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba yàrá tiwọn, irun wọn hù. Mo máa ń wo àwòrán yẹn, màá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bóyá màá rí nǹkan kan níbẹ̀. Orí àti àyà nìkan ni wọ́n yà.

Nígbà kejì tí wọ́n kó wa jáde, mo ti wà ní kíláàsì kẹrin. Kò sí ọyẹ́, òjò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Màmá mi wọ àdìrẹ náà, ó ti ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn ni wọ́n fi dí èrò, ojú títì sì gbòòrò. Àwọn mọ́tò dúdú ni wọ́n, fèrèsé wọn wà ní títì. Màmá mi ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó yọ. Àwọn mọ́tò náà sá kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, omi ẹrẹ̀ ta sí màmá mi láyà. A kò tilẹ̀ mọ èyí tí Olórí Ìjọba wà nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn tú ká. Tíṣà gba àsíá lọ́wọ́ wa, ó ní ká máa lọ. Màmá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo dúró tì wọ́n. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kò gùn, ṣùgbọ́n ọmọ kì í sọ irú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń yà fún wa bí ẹni tó ń yà fún kòtò. Màmá Ńgọ́zí wà lára wọn. Wọ́n rí wa, wọ́n gbé báàgì wọn kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Sìkírá, dìde."

"Kò rí mi," màmá mi sọ.

"Kò rí ẹ. Èmi náà, kò rí mi. Dìde."

"Ta ló ní kí n dìde?"

"Èmi ni." Yorùbá wọn kò dán mọ́rán, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi náà kúnlẹ̀ rí. Nínú igbó, níwájú ṣọ́jà, nítorí bàbá Ńgọ́zí. Wọ́n mú un lọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń retí ẹni tó máa ní kí n dìde. Kò sẹ́nì kankan. Ìgbà tí Ńgọ́zí sunkún ni mo dìde. Wo ọmọ rẹ. Ó dúró sínú omi."

Màmá mi wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n na ọwọ́ sókè, Màmá Ńgọ́zí fà wọ́n. A rìn lọ sílé, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, èmi ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, màmá mi kò wọ yàrá. Wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Akọ̀wé.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "ẹ pe Àfáà."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kírun náà. Ìyá Onílé, tí wọ́n máa ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, sunkún ju gbogbo wa lọ. Wọ́n pín aṣọ bàbá mi fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá mi ti lọ aṣọ náà dáadáa tó fi jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni. Màmá mi wọlé opó. Èmi ni mo gbé igbá ẹ̀wà lọ sẹ́nu géètì ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi wà nílé opó, nígbà tí opó sì parí, ara wọn kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èmi náà kò padà sílé-ìwé mọ́. Bàbá Akọ̀wé ní àwọn lè ṣú wọn lópó bí wọ́n bá fẹ́. Màmá mi dúpẹ́, wọ́n ní ibi tí àwọn dúró tó.

Mi ò sọ pé Olórí Ìjọba yẹn ṣe burúkú. Ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, Màmá Ńgọ́zí wà lára wọn, kò sì sẹ́ni tó lé wọn kúrò ní àdúgbò wa. Bóyá ó tilẹ̀ káàánú obìnrin tó rí nínú eruku lọ́jọ́ ọyẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Màmá mi ti lọ báyìí. Ilé-iṣẹ́ bísíkítì yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń di bísíkítì sínú páálí. Òórùn tí atẹ́gùn máa ń gbé wá bá wa ní Dópẹ̀mú, òun ni mò ń gbé lọ sílé lára aṣọ mi lójoojúmọ́, imú mi kò sì gbọ́ ọ mọ́. Àwọn Olórí Ìjọba mìíràn ti jẹ, wọ́n ti lọ. Nígbà tí fèrè àwọn ọlọ́pàá bá dún lójú títì, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a sáré lọ sí ẹ̀bá ọgbà láti mọ ẹni tó wà nínú mọ́tò. Èmi náà a tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọwọ́ ẹni tó wà nínú mọ́tò ni mò ń wò. Ní báyìí, ẹ̀bá títì ni mò ń wò, láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó dúró, bóyá ẹnì kan wà lórí ìkúnlẹ̀. Onítìjú ṣì ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ yẹn ti wà lẹ́nu mi, mo sì ti pinnu pé màá sọ ọ́: ẹ dìde.